Ta Ló Bọ́ Àwọn Tó Daṣẹ́ Sílẹ̀?

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó daṣẹ́ sílẹ̀. Àwọn ti rélùwéè ló léwájú. Àwọn ti ilé ìfìwéránṣẹ́ àti wáyà, àwọn ti ilé iṣẹ́ òde, àwọn tó ń gbálẹ̀ ìlú, gbogbo wọn ló tẹ̀lé e. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 17 ló fìmọ̀ ṣọ̀kan, àwọn tó sì wà lẹ́yìn wọn káàkiri Nàìjíríà lé ní 30,000. Ọkọ̀ ojú irin dúró. Lẹ́tà ò rìn. Ọjọ́ 44 gbáko ló gbà kí àwọn ti Èkó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Bí a bá ń pa ìtàn yìí, Michael Imoudu la máa ń dárúkọ, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ìjọba ti lé kúrò ní Èkó láti ọdún 1943, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà yẹn kan náà, tí èrò rẹpẹtẹ sì tú jáde lọ pàdé rẹ̀. A máa ń sọ ti Azikiwe àti ìwé ìròyìn rẹ̀ méjì, West African Pilot àti Daily Comet, tí ìjọba fòfin dè nígbà tí ìyanṣẹ́lódì náà gbóná. Gbogbo rẹ̀ ló yẹ ká sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan máa ń gún mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ka ìtàn ọjọ́ 44 yẹn, òun náà sì ni ìyá èyíkéyìí yóò kọ́kọ́ bi ọ́: kí ni wọ́n jẹ?

Ẹ bá mi wò ó. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn yìí jẹ́ lébìrà tó ń gbowó ojúmọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè gan-an ni pé kí owó ojúmọ́ tó kéré jù lọ di ṣílè méjì àti sísì, kí ìjọba sì fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n ọjà tí wọ́n ń fún wọn láti ìgbà ogun Hítílà. Ẹni tó ń jà kí owó ojúmọ́ òun lè tó ṣílè méjì àti sísì, kò sí bánkì tó tọ́jú owó sí. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò gbowó, ìkòkò ti ń gbẹ. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, onílé ti ń kan ilẹ̀kùn. Ọjọ́ 44 sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Àwọn àgbà wa ló kúkú sọ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Mo ti gbà pé ebi ni ohun ìjà tí ọ̀gá kọ́kọ́ ń yọ sí òṣìṣẹ́. Ìbọn àti ẹ̀wọ̀n máa ń wá lẹ́yìn ni, nígbà tí ebi bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ tí wọ́n rán an. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ ìdí tí ìyanṣẹ́lódì kan fi dúró tí òmíràn sì fọ́ sí wọn lọ́wọ́, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí pèpéle kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń dáná ni.

Ní Èkó lọ́dún 1945, àwọn obìnrin ọjà ni. Ìyàwó òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń ta gàrí, tó ń ta aṣọ, tó ń din àkàrà lójú títì, òun ò daṣẹ́ sílẹ̀ o. Iṣẹ́ òun gan-an ni ọkọ rẹ̀ fi lè da tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ta oúnjẹ tà á láwìn fún ẹni tí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò rówó san. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọjà Èkó sì dá owó sínú àpò tí wọ́n fi ń ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Alimotu Pelewura ni olórí ẹgbẹ́ náà, ẹlẹ́ja ni ní ọjà Ereko, mùsùlùmí ni, kò kàwé òyìnbó, ìjọba Èkó ò sì lè fojú rénà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí obìnrin yìí, nítorí kò jókòó de ọdún 1945 kó tó mọ bí a ṣe ń bá ìjọba jà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ọjà Ereko kúrò níbi tó wà, ó wà lára àwọn tó ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, ìjọba ní òun yóò máa gba owó orí lọ́wọ́ obìnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju 50 pọ́n-ùn lọ. Àwọn obìnrin ti ìsọ̀ wọn, Pelewura ṣíwájú wọn, wọ́n lọ bá ọ̀gá tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí ìjọba fi gbé e dé 200 pọ́n-ùn, obìnrin ọjà tó ń pa iye yẹn kò sì pọ̀ rárá. Nígbà tí ogun gbóná, tí ìjọba dá iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, tí wọ́n fi Captain Pullen ṣe alákòóso rẹ̀, iye tí wọ́n dá kò bá iye tí àwọn obìnrin fi ń ra ọjà lóko mu. Wọ́n ní kí Pelewura wá bá àwọn ṣe é, àwọn yóò máa san 100 pọ́n-ùn fún un lóṣù. Ó kọ̀. Lébìrà tó ń bèèrè ṣílè méjì àti sísì lóòjọ́, ẹ bá mi ṣírò iye ọdún tí yóò fi ṣiṣẹ́ kó tó rí owó tí obìnrin yìí kọ̀ fún oṣù mẹ́ta péré.

Nígbà tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ bá ní kí ọjà dá owó, ọjà yóò dá a.

Ibi tó ká mi lára jù nínú ìtàn náà nìyí. Àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó ń gba owó àfikún tiwọn, títí kan èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ìyàwó àti ọmọ. Àwọn òṣìṣẹ́ wa rí i, wọ́n ní àwa náà láya, a bímọ, àwa là ń bọ́ wọn, kí ẹ fún wa ní owó tó lè bọ́ ẹbí. Èsì tí àwọn aláṣẹ máa ń fọ̀ ni pé obìnrin ilẹ̀ yìí ń ṣòwò tirẹ̀, ó ń bọ́ ara rẹ̀, kí wá ni ti owó ẹbí? Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ́ra. Bí òṣìṣẹ́ kan bá dìde tó ní, “Ìyàwó mi ló bọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo fi jókòó sílé,” ẹjọ́ bàjẹ́ nìyẹn, torí ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí gbe ìjọba. Kí ọkùnrin tó lè gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùbọ́ ilé, ó di dandan kó gbé ẹni tó ń bá a bọ́ ilé pamọ́.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó wà lójú ogun ń lo ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies, tí ìjọba gbé kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ owó òṣìṣẹ́ wò, jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n ọjà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti bèèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí àwìn. Ẹni tó ta gàrí fún ogún ilé láìgbowó, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń gba gbèsè rẹ̀, láti ojúlé dé ojúlé.

Mo mọ ìwé àwìn dáadáa, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára. Tíṣà ni bàbá mi, ìyá mi ń ta oúnjẹ: ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí, epo, iyọ̀. Àwọn tíṣà ìpínlẹ̀ wa yanṣẹ́ lódì lásìkò kan tí owó oṣù ti wọ inú ara wọn. Ìwé ọmọ iléèwé ni ìyá mi fi ń kọ àwìn, èyí tí tábìlì ìsọdipúpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, bírò tí wọ́n fi òwú so mọ́ ọn kí ọmọdé má baà gbé e lọ. Kì í kọ orúkọ àwọn tíṣà náà gan-an, kí ẹlòmíràn má baà kà á kó sì dójú tì wọ́n. “Tíṣà Ìṣirò, kóńgò ẹ̀wà méjì.” “Ọ̀gá Àgbà, epo ìgò kan.” “Alága, ìrẹsì.” Alága yìí ni alága ẹgbẹ́ àwọn tíṣà ládùúgbò wa, ọkùnrin tí mo ti gbóhùn rẹ̀ níbi ìpàdé tó ń sọ pé àwọn ò ní yẹ̀ kódà kó gba ọdún kan. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohùn gbẹ̀du yẹn, ẹ̀wà ìyá mi ló gbé e ró.

Ìyá mi náà sì jẹ gbèsè. Alájàpá tó ń kó ẹ̀wà àti gàrí wá láti oko ló jẹ. Alájàpá náà jẹ àwọn àgbẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ tí kò san owó oṣù, tí àwọn tíṣà sì kọ̀ tí wọn ò kọ́ni, gbèsè náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ọwọ́ kejì títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń roko níbi tí rédíò ò ti gbọ́ dáadáa, tí kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń yanṣẹ́ lódì. Òun ni gbogbo rẹ̀ gùn lé lórí. Nígbà tí owó dé, àwọn tíṣà kan gba ìsọ̀ wa kọjá kí wọ́n tó délé ara wọn, wọ́n san án, wọ́n ṣàdúrà. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀nà kejì.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn tí ayé fojú pa rẹ́ ti gbìyànjú láti yí ebi padà, kó lè kọjú sí ọ̀gá dípò kó kọjú sí àwọn. Ọ̀kan wà tí mo fẹ́ràn tí a kì í sọ nílé, bẹ́ẹ̀ ọmọ ilé ló ṣe é. Ní ìlú Salvador ní Bahia, ilẹ̀ Brazil, gbogbo ẹrù tó ń gòkè tó ń sọ̀ láàárín èbúté àti òkè ìlú, orí àti èjìká àwọn ọmọ Áfíríkà ló ń gbà. Àgbá ọtí, àpótí, kódà àwọn ọlọ́lá nínú àga tí wọ́n ń gbé wọn kiri. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn aláàárù wọ̀nyí jẹ́ Nàgó, ìyẹn ọmọ Yorùbá. Àwọn kan jẹ́ ẹrú, àwọn kan ti ra ara wọn padà. Ẹrú tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ń san iye kan fún olówó rẹ̀, ohun tó bá ṣẹ́ kù ló fi ń jẹun, òun náà ló ń tọ́jú díẹ̀díẹ̀ láti fi ra òmìnira. Wọ́n máa ń kóra jọ sí ìkóríta, ìkóríta kọ̀ọ̀kan ní olórí tirẹ̀.

Ìlú yẹn kan náà ni àwọn mùsùlùmí Nàgó ti dìde ogun ní oṣù Kìíní ọdún 1835, tí wọ́n fi ìbọn borí wọn, tí wọ́n sì fi pàṣán àti ìlékúrò-nílùú parí rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún 22, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ìgbìmọ̀ ìlú ṣòfin lọ́dún 1857 pé kí gbogbo aláàárù lọ forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n sanwó, kí wọ́n mú onídùúró wá, kí wọ́n sì máa gbé àwo irin tó ní nọ́ńbà kọ́rùn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹfà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, àwọn aláàárù pòórá nígboro. Ẹrù jókòó sí èbúté, kò rẹ́ni gbé e. Àwọn oníṣòwò figbe ta. Wọ́n yára yọ owó náà kúrò, síbẹ̀ àwọn aláàárù ò tètè dá wọn lóhùn, nítorí àwo irin ọrùn yẹn ṣì wà ńbẹ̀. Ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Àwo irin náà ò kúrò nínú òfin, mi ò sì ní pè é ní ìṣẹ́gun gbogbo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀: ẹrú kò ní owó oṣù tí ẹnikẹ́ni lè dá dúró. Olówó rẹ̀ ló ń retí owó láti ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí aláàárù jókòó, àpò olówó rẹ̀ gbẹ. Àwọn tó fi ẹrú ṣe oúnjẹ òòjọ́ di ẹni tí ń bẹ ìjọba pé kó dẹwọ́.

Ní Èkó, oṣù Kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ òde da irinṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé Gómìnà McCallum yí àkókò iṣẹ́ wọn padà. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló gbà, gómìnà sì wá bá wọn dúnàá dúrà. Ọjọ́ mẹ́ta kò nílò ẹni tí yóò bọ́ni. Èyí tó bá gùn ló ń fi ẹni tó wà lẹ́yìn hàn.

Abẹ́òkúta ni mo fẹ́ kọjú sí wàyí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn abọ́ni fúnra wọn ti gbé ìkòkò sọ̀. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ti mọ ìyà owó orí tipẹ́. Ní 1918, nígbà tí owó orí àti iṣẹ́ tipátipá kó wọn láyà jẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn gbé ìbọn, wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Ogun Adúbí la mọ̀ ọ́n sí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ. Owó orí ò lọ. Obìnrin ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, ọmọbìnrin sì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í san án láti ọmọ ọdún 15, nígbà tí ọmọkùnrin ń bẹ̀rẹ̀ ní 16. Àwọn tó ń gba owó orí máa ń tú ọmọbìnrin síhòòhò wò bóyá ó ti tó ẹni tí ń sanwó. Mo kọ ìlà yẹn, mo sì dúró kí n tó lè tẹ̀ síwájú.

Nígbà ogun Hítílà, wọ́n tún ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà, wọ́n á san iye tó wù wọ́n tàbí kí wọ́n má san nǹkan kan. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ti ní ẹgbẹ́ kan látọdún 1932, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ́tótó. Nígbà tí àwọn obìnrin ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ wọn pé kí wọ́n kọ́ àwọn ní ìwé kíkà, ni wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ìrẹsì, tí wọ́n sì gbọ́ ti owó orí. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, ọjà sì wọ inú rẹ̀ wìtìwìtì. Wọ́n gba lọ́yà. Wọ́n mú oníṣirò wá kó yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ wò. Ní ọjọ́ 29 sí 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 1947, àwọn obìnrin tó lé ní 10,000 jókòó sí iwájú ààfin Aké tọ̀sán-tòru, wọ́n ń kọrin mọ́ Aláké Adémọ́lá Kejì. Oṣù Kejìlá, wọ́n tún padà wá.

Ọjà kò ná lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Ọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá ní kóòtù, ọkùnrin tó jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, akódà tó ń gba owó orí, ohun tí ọjà ń tà ni gbogbo wọn ń jẹ. Nígbà ìyanṣẹ́lódì Èkó, ẹni tó ń bọ́ òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn òṣìṣẹ́. Ní Abẹ́òkúta, ẹni tó ń bọ́ ìjọba ló dìde sí ìjọba. Wọ́n ju àwọn obìnrin sẹ́wọ̀n nítorí owó orí tí wọ́n kọ̀ láti san, Ransome-Kuti náà fẹsẹ̀ kan kóòtù, kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Lọ́dún 1948 wọ́n dá owó orí obìnrin dúró, obìnrin mẹ́rin sì wọ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso ìlú. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kìíní, ọdún 1949, Aláké fi orí oyè sílẹ̀. Ó padà dé ní ìparí 1950, ìyẹn náà wà nínú ìtàn.

Ìjọba tí ebi kò bá ṣiṣẹ́ fún máa ń rántí ìbọn. Àwọn obìnrin ilẹ̀ Ìgbò àti Ìbìbíò rí i ní ìparí ọdún 1929, nígbà tí ìkànìyàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Oloko mú kí wọ́n fura pé owó orí ń bọ̀ wá kan àwọn. Ó lé ní 50 nínú wọn tí ìbọn pa kó tó rọlẹ̀. Àwọn awakùsà èédú ní Enugu rí i ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1949, nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa 21 nínú wọn ní Iva Valley lórí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tí wọn ò san. Awakùsà 21, ẹ rántí pé ilé 21 nìyẹn, opó sì pọ̀ nínú wọn.

Bí mo bá wá dé orí Agbẹ́kọ̀yà, mo máa ń rántí àgbẹ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ ìwé àwìn ìyá mi. Ọdún 1968 ni. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, owó orí àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ń ròkè sí i. Kòkó tí wọ́n ń gbìn ló ń gbé ìpínlẹ̀ náà dúró, bẹ́ẹ̀ ìjọba ló ń dá iye lé e, iye náà kò sì dára. Ọ̀nà oko bàjẹ́. Àwọn tó ń yẹ kòkó wò ń rẹ́ wọn jẹ, wolé-wolé ń dààmú wọn, àwọn tó ń gba owó orí ń ká wọn mọ́lé lóru. “Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san” ni igbe wọn, ìyẹn 30 ṣílè, wọn ò san jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1968, wọ́n ya wọ Màpó ní Ìbàdàn, ìbọn dún. Ìjà náà ràn dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, dé Ẹ̀gbá, dé Ẹdẹ, dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́, Ọba Ọlájídé Ọláyọ́dé, lọ́dún 1969. Mi ò ní gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá nítorí pé mo fẹ́ràn àwọn àgbẹ̀ náà. Ẹni tí ìyà jẹ lè jẹ ẹlòmíràn níyà, ẹni tó bá sì ń pa ìtàn irú ìjà yìí gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn kan náà tó fi ń sọ ìyókù.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1969, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Gómìnà Adébáyọ̀ ní ọlọ́pàá, ó ní sójà, síbẹ̀ ìjà náà kò kú. Ìdí tí mo rí sí i kò ju pé iṣu àgbẹ̀ wà nínú ebè rẹ̀, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ wà nílẹ̀. Kò sí owó oṣù tí ìjọba lè dá dúró, kò sí onílé tó ń kan ilẹ̀kùn. Wọ́n lè kọ̀ láti ra kòkó rẹ̀, ìyẹn yóò dùn ún, ṣùgbọ́n yóò ṣì jẹun alẹ́. Nínú gbogbo àwọn ìjà tí mo ti sọ yìí, ti Agbẹ́kọ̀yà nìkan ni ebi kò rí ibi wọ̀ rárá. Ìjọba ló rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá, Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìnáwó ní ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ló wọ ọkọ̀ lọ sí Akànràn lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, lóko. Kì í ṣe Táfà ló wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n sọ owó orí di pọ́n-ùn méjì, wọ́n gba àwọn agbowó-orí kúrò lọ́rùn wọn, owó kòkó gbẹ́sẹ̀.

Òṣìṣẹ́ òde òní kò ní ebè. Òun ni ọ̀rọ̀ mi pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì lábẹ́ ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tó gba oṣù mẹ́jọ. Ìjọba fa òfin yọ pé ẹni tí kò ṣiṣẹ́ kò ní gbowó, wọ́n sì dá owó oṣù wọn dúró. Ohun ìjà tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, ìwé òfin ni wọ́n fi bò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, ó di ọdún 2023 kí ìjọba mìíràn tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san mẹ́rin nínú oṣù mẹ́jọ náà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wà tó jẹ́ pé ìyàwó wọn tó ní ìsọ̀ ló gbé ilé ró, àwọn obìnrin olùkọ́ sì wà tó jẹ́ pé ọkọ tàbí ìyá wọn ni. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jókòó sílé. Àwọn tó ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì, tí akẹ́kọ̀ọ́ nìkan jẹ́ oníbàárà wọn, pàdánù ọjà oṣù mẹ́jọ láìsí lára ẹgbẹ́ kankan, láìsí ẹni tó bi wọ́n bóyá wọ́n lè fara dà á.

Mo wà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì. Mi ò mọ ohun tí aláìlágbára fi ń bá alágbára sọ̀rọ̀ tó sì gbọ́, bí kò ṣe pé kó dá ohun tí alágbára nílò dúró. Kò sí owó ojúmọ́ tó gbẹ́sẹ̀ nílẹ̀ yìí tí ẹnì kan ò fi ara dá kó tó gbẹ́sẹ̀. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ń bínú bí mo bá rí ẹgbẹ́ tó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti ọdún yìí dé èèmíì, tó kọ́ ilé ńlá fún ìpàdé, tí kò sì ní àpò tó lè bọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fún oṣù kan. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ lé ìyàwó, lé ọkọ, lé ìyá, lé oníṣòwò ojú títì, wọ́n wá jáde sí oníròyìn pé àwọn ṣẹ́gun.

Bí wọ́n bá fẹ́ kéde èyí tó ń bọ̀, kí wọ́n tó pe oníròyìn rárá, mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wọ ọjà. Kí wọ́n pe àwọn ìyálọ́jà àti àwọn tó ń tajà fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn jókòó, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ń bá ìjọba fà fún wọn, kí wọ́n bi wọ́n pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni àwìn lè gbà kí ọjà tó wó, kí wọ́n sì gba ohun tí wọ́n bá sọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá ń kọ ohun tí wọ́n ń bèèrè sínú ìwé àdéhùn, kí àwìn náà wà ńbẹ̀ pẹ̀lú owó oṣù, kí ẹnì kan láti inú ọjà sì jókòó sídìí tábìlì náà láti rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé iye rẹ̀.